Awọ Ẹfọ̀n Tó Wà Láká: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìfẹ́ àti Òmìnira

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọ̀dọ́ tó ń múra ìgbéyàwó àti àwọn òbí wọn sọ ní Ìbàdàn. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo kọ ọ́ síbí.)

Ẹ̀yin àgbààgbà tó wà níjókòó, mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fi ọ̀sán Sátidé sílẹ̀ tí ẹ ò lọ síbi ìnáwó, ẹ kú ìfarabalẹ̀. Àjọ wa kò ní tú o.

Nígbà tí àwọn ọmọ wá bá mi nílé pé kí n wá sọ̀rọ̀, mo bi wọ́n pé lórí kí ni? Wọ́n ní, "Mà, ẹ bá wa sọ̀rọ̀ lórí ìfẹ́." Mo ní ṣé ìfẹ́ nìkan? Ọmọbìnrin kan láàárín wọn bá dáhùn. Ó ní, "Mà, mo fẹ́ràn ẹni tí mo fẹ́ fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí pé tí mo bá wọlé rẹ̀ tán, mi ò ní rí ara mi mọ́."

Ṣé ẹ gbọ́ bó ṣe sọ ọ́? Mi ò ní rí ara mi mọ́. Kò sọ pé ọkùnrin náà burú. Kò sọ pé ó ń lu òun. Ó fẹ́ràn rẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà á. N kò sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn ni mo gbé wá síwájú yín lónìí.

Ọ̀pọ̀ yín mọ̀ mí. Ọdún 31 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Yorùbá kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí, ọmọ ahunṣọ. Ilé wa ni màá ti mú ọ̀rọ̀ mi.

Ọdẹ àti ẹfọ̀n

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ pa ìtàn kan. Àwọn àgbà inú yín ti gbọ́ ọ rí. Àwọn tó ń bọ Ọya mọ̀ ọ́n dáadáa, torí wọ́n ní Ọya gan-an ni obìnrin inú rẹ̀. Ẹnu ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi ń pa á láti ìlú dé ìlú. Bí ìyá ìyá mi ṣe pa á fún mi ni màá ṣe pa á.

Ọdẹ kan wà lórí ègùn rẹ̀ ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Ó rí ẹfọ̀n kan tó ń bọ̀. Bó ṣe ń múra láti ta á ni ẹfọ̀n dúró, ó gbọn ara, ó bọ́ awọ rẹ̀ bí èèyàn ṣe ń bọ́ bùbá, ó sì di obìnrin arẹwà. Ó ká awọ náà, ó tì í sínú ihò ọ̀gán, ó gbé igbá rù, ó gba ọjà lọ. Ọdẹ sọ̀ kalẹ̀. Ó mú awọ náà lọ sílé, ó fi pamọ́ sínú àká, lábẹ́ àgbàdo. Nígbà tí obìnrin náà ti ọjà dé, ó wá awọ rẹ̀ títí, kò rí i. Ọdẹ yọ sí i. Ó ní, "Èmi ni mo mú un. Wá fẹ́ mi." Obìnrin náà gbà, ṣùgbọ́n ó ní kó ṣèlérí pé kò ní sọ ibi tí òun ti wá fún ẹnikẹ́ni nínú ilé. Ọdẹ ṣèlérí.

Wọ́n jọ ń gbé. Ó bímọ fún un. Ó ń dáná, ó ń nájà, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìyáálé kò sinmi. Ó ń fún ọkọ lẹ́mu, ó ń fún un lẹ́mu, títí àṣírí fi já sí i lọ́wọ́. Lọ́jọ́ tí ìjà dé láàárín àwọn obìnrin méjèèjì, ìyáálé la ẹnu, ó sọ ọ̀rọ̀ tó di orin: "Máa jẹ, máa mu, awọ rẹ ń bẹ láká!"

Obìnrin náà kò dáhùn. Ó gun àká lọ. Ó tú àgbàdo kúrò, ó rí awọ rẹ̀. Ìyá ìyá mi máa ń dúró níbí yìí, á rẹ ohùn sílẹ̀. Awọ ọ̀hún ti gbẹ. Ó ti le gbagidi, kò ṣe é wọ̀. Obìnrin náà gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó da omi sí i, ó ń fọwọ́ ra á, ó ń fà á díẹ̀díẹ̀, ó tún ń da omi sí i, títí ó fi rọ̀. Ó gbé e wọ̀, ó di ẹfọ̀n. Ohun tó fojú ìyáálé rí, ẹ mọ̀ ọ́n. Nígbà tó kan àwọn ọmọ tirẹ̀, ó dúró. Ó yọ ìwo rẹ̀ fún wọn, ó ní bí wọ́n bá fẹ́ rí òun, kí wọ́n lu ìwo méjèèjì mọ́ra, òun á gbọ́. Ó wọgbó lọ. Ìdí nìyẹn tí ìwo ẹfọ̀n fi wà ní ojúbọ Ọya títí dòní.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo fẹ́ bi yín. Ṣé ọdẹ yẹn fẹ́ràn obìnrin náà? Ẹ rò ó kí ẹ tó dáhùn. Èmi gbà pé ó fẹ́ràn rẹ̀. Ṣé obìnrin náà fẹ́ràn ọdẹ? Ó ṣeé ṣe. Ó bá a jẹ, ó bá a mu, ó bímọ fún un. Ṣùgbọ́n ta ló lè mọ̀? Ọdẹ gan-an kò lè mọ̀. Ẹni tí kò lè lọ, báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó fẹ́ dúró? Gbogbo alẹ́ tí obìnrin yẹn sùn tì í, ọdẹ kò mọ̀ bóyá torí òun ló ṣe sùn, àbí torí awọ. Àwọn àgbà ní ẹni a fẹ́ la mọ̀, a ò mọ ẹni tó fẹ́ni. Ọdẹ yìí fọwọ́ ara rẹ̀ dí ọ̀nà tó lè gbà mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí ìtàn yẹn wà lọ́kàn yín. A ó máa padà sí i.

Àpótí ìyá mi

Ọ̀rọ̀ kejì. Mo ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn kan, títí kan orí pẹpẹ, pé àwọn òyìnbó ló kó òmìnira sí àwọn obìnrin wa lórí, pé láyé àtijọ́ obìnrin Yorùbá kò ní nǹkan kan tó jẹ́ tirẹ̀ lẹ́yìn ti ọkọ. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn?

Bàbá mi ń hun òfì. Ìyá mi ń ta òfì. Ẹ máa rò pé ńṣe ni bàbá ń hun ún tí ìyá ń gbé e lọ sọ́jà, tí owó sì ń bọ́ sínú àpò kan. Rárá o. Ìyá mi ń ra aṣọ lọ́wọ́ bàbá mi ni. Mo tún un sọ: ó ń rà á. Á jókòó sórí àpótí kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ òfì, á fa aṣọ náà láàárín ìka méjì, á yẹ etí rẹ̀ wò. "Èló lẹ pè é?" Bàbá á dárúkọ iye tó fẹ́. Ìyá mi á pòṣé, á dìde, á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Bàbá ò ní gbójú sókè, ọ̀kọ̀ á ṣì máa lọ á máa bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó di ìgbà tí ìyá mi bá dé ẹnu ọ̀nà kó tó sọ pé, "Mú èló wá?" Ìyá mi á padà. Wọ́n á ná an títí wọ́n á fi gbà. Ó máa kówó sílẹ̀, tàbí kí ó gbà á láwìn, bàbá á sì fi ẹfun sàmì sára ògiri. Bí ọjà ìtàdínlógún bá pé, ó dọjà Ọjẹ níbí ní Ìbàdàn. Èrè tó bá jẹ lórí rẹ̀, tirẹ̀ ni. Bàbá mi kò béèrè rí.

Lálẹ́ ọjọ́ kan náà tí wọ́n ti ná ọjà bí ọ̀tá, ìyá mi á gbé àmàlà síwájú rẹ̀, ẹran inú ọbẹ̀ á jẹ́ èyí tó fi owó ara rẹ̀ rà. Mo kéré, ó rú mi lójú. Mo bi í pé, "Ìyá, ṣé ẹ̀yin àti bàbá ò jà mọ́ ni?" Ó ní, "Ta ló jà? Ọjà là ń ná."

Àpótí onígi kan wà ní ìsàlẹ̀ ibùsùn rẹ̀, àgádágodo wà lẹ́nu rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ń gbé inú àpò tòbí, lábẹ́ ìró. Láti kékeré mi títí ó fi kú, n kò rí ọjọ́ tí bàbá mi na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́ yẹn.

Nígbà tí bàbá mi bá ṣẹ̀ ẹ́, tí ó fẹ́ tù ú lójú, ṣé ẹ mọ ohun tó máa ń ṣe? Oríkì ló máa ń kì í. "Àdùkẹ́, ọmọ Ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí, ọmọ ẹni tí kì í gba ọfà lẹ́yìn." Oríkì ilé bàbá tirẹ̀! Ó ti lé ní ogójì ọdún tí wọ́n ti jọ ń gbé, ó ti bí ọmọ mẹ́fà fún un, tí bàbá bá sì fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ ìfẹ́, ilé tó ti wá ló máa pè é mọ́. Gbogbo wa la mọ àṣà yìí. Obìnrin Yorùbá kì í gbé oríkì orílẹ̀ rẹ̀ jù sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ọkọ. Ó ń gbé e wọlé ni, àwọn ọmọ rẹ̀ á sì jẹ nínú rẹ̀. Ọkọ tó bá gbọ́n á kọ́ oríkì ilé àna rẹ̀ sórí.

Ẹ wá fi ìyẹn wé ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Títí di àwọn òfin tí wọ́n ṣe ní 1870 àti 1882, bí obìnrin Gẹ̀ẹ́sì bá lọ́kọ, owó ọwọ́ rẹ̀ àti ẹrù rẹ̀ di ti ọkọ. Láàárín àkókò yẹn kan náà, Ẹfúnróyè Tinúbú wà ní Abẹ́òkúta, ó ti di Ìyálóde Ẹ̀gbá láti 1864, ó ń ṣòwò lórúkọ ara rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹrú wà nínú ọjà tó tà, n kò ní fi ìyẹn pamọ́ fún yín. Òmìnira tirẹ̀ gun orí ẹ̀yìn ẹlòmíràn. Ohun tí mo ń tọ́ka sí ni pé kò sẹ́ni tó bi í pé ta ló fún un láṣẹ kó ní owó. Ọdún 1884 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé òfin ìgbéyàwó tiwọn kalẹ̀ ní Èkó. Láti ìgbà yẹn ni àwọn ọ̀mọ̀wé wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé ìyàwó gidi ni ẹni tó jókòó sílé tó ń dúró de ọkọ, tó sì ń jẹ́ orúkọ ọkọ. Mo jẹ nínú oore ṣọ́ọ̀ṣì àti iléèwé, n kò ní bú wọn. Ṣùgbọ́n kí a mọ ohun tó jẹ́ tiwa àti ohun tí wọ́n gbé bá wa.

Òótọ́ mìíràn tún wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ, bó tiẹ̀ korò. Kì í ṣe ìfẹ́ nìkan ló jẹ́ kí ìyá mi ní àpótí. Lábẹ́ àṣà wa, ìyàwó kò ní ìpín nínú ogún ọkọ. Ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ti ìjọba àpapọ̀ sọ ọ́ ní gbangba ní 1957 pé bí àṣà Yorùbá ṣe rí nìyẹn, torí ìyàwó gan-an jẹ́ ohun tí àwọn ẹbí ọkọ lè ṣú lópó. Ìyá mi kò kàwé, ṣùgbọ́n ó mọ òfin yẹn ju agbẹjọ́rò lọ. Ó mọ̀ pé bí bàbá mi bá kú, òfì á di ti àwọn àbúrò bàbá, ilé á di ti àwọn ọmọ, òun á sì dúró láàárín àgbàlá. Àwọn àgbà tó fún obìnrin ní àpótí ni wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ogún. Ẹni tó bá fẹ́ yin àṣà wa níwájú mi, kó yìn ín tòun tẹ̀yìn rẹ̀.

Owó orí

Èyí ò ní pẹ́. Gbogbo yín lẹ ti lọ síbi ìdána. Ẹ ti rí i tí alága ìjókòó gba àpò ìwé tí owó orí wà nínú rẹ̀, tí ó gbé e fún bàbá ìyàwó, tí bàbá sì dá a padà fún àwọn ará ilé ọkọ. Wọ́n á ní, "A ò ta ọmọ wa o. Ẹ bá wa tọ́jú rẹ̀ ni." Gbogbo èèyàn á pàtẹ́wọ́. Lọ́dọ̀ tiwa ní Ọ̀yọ́, kí ìdána tó di ti gbọ̀ngàn, ìyàwó máa ń sun ẹkún ìyàwó láti ilé dé ilé. "Ire lónìí, orí mi àfire." Ẹni tó ń lọ sọ́dọ̀ ẹni tó wù ú ni, ó ń sunkún. Ayọ̀ àti ìpàdánù wà nínú ohùn kan náà, kò sì sí ìyá kan tó sọ fún un pé kó panu mọ́. Wọ́n jẹ́ kó sun ún tán. Ó wù mí kí àwọn ìyá ìsinsìnyí náà fún ọmọ wọn láyè láti sọ pé, "Mo fẹ́ ẹ, ẹ̀rù sì ń bà mí," láìsí pé wọ́n á ní ẹ̀mí òkùnkùn ló ń yọ ọ́ lẹ́nu.

Owó orí yẹn mú mi rántí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, torí orúkọ kan náà ni Yorùbá ń pe owó ìyàwó àti owó tí ìjọba ń gbà lọ́wọ́ aráàlú. Ọdún 1925 ló fẹ́ Àlùfáà Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kuti. Ọkọ rẹ̀ ni olórí ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Nàìjíríà láti ìgbà tí wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 1931, ó sì jẹ́ ọ̀gá iléèwé Abẹ́òkúta Grammar School láti 1932. Ilé ọ̀gá iléèwé, ilé àlùfáà: ẹ mọ ohun tí ayé ń retí lọ́wọ́ ìyàwó inú ilé bẹ́ẹ̀. Obìnrin yìí ló kó àwọn ìyá ọlọ́jà Ẹ̀gbá jọ, tí wọ́n jókòó sí ẹnu ọ̀nà ààfin nítorí owó orí tí ìjọba ń gbà lọ́wọ́ obìnrin, títí Aláké Adémọ́lá fi gbé adé sílẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1949. Ọkọ rẹ̀ kò tì í mọ́lé. Kò ní, "Ìwọ yìí, o fẹ́ bà mí lórúkọ jẹ́ lọ́dọ̀ Bíṣọ́ọ̀bù." Ó ní iṣẹ́ tirẹ̀ tó ń jà fún, ìyàwó ní tirẹ̀, wọ́n sì wà lẹ́yìn ara wọn. Ọdún 30 ni wọ́n fi jọ gbé kí ọkọ tó kú ní 1955. Tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé obìnrin tó dá dúró kò lè rí ìfẹ́ tó tọ́jọ́, ẹ darúkọ ilé yẹn fún un.

"O fi owó pamọ́ fún mi"

Mo ti sọ ti ìyá mi, mo ti sọ ti àwọn èèyàn ńlá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ara mi wàyí.

Ọdún 1991 ni mo ṣègbéyàwó. Ọkọ mi ń ya fọ́tò. Mo ń ṣiṣẹ́ olùkọ́, mo sì ń ta òfì ní òpin ọ̀sẹ̀. Kí n tó kúrò nílé, ìyá mi pè mí sí yàrá, ó ní, "Má jẹ́ kí ọkùnrin mọ ìdí àpò rẹ." Mo gbà á gbọ́. Alájọ kan máa ń wá sí ẹnu géètì iléèwé wa lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti lọ tán. Káàdì rẹ̀ ní ojú 31. Ti ọjọ́ kan jẹ́ tirẹ̀, ìyókù jẹ́ tẹni tó ń dá a. Mo dá a lójoojúmọ́, tí oṣù bá parí, màá kó o sínú àpò kan lábẹ́ àwọn ìwé tí mo fi ń kọ́ ọmọ. Ọkọ mi kò mọ̀ rárá.

Ní 1998, nǹkan le. Wọn kò san owó oṣù wa fún ìgbà pípẹ́. Owó ilé tó wa lọ́rùn. Ọkọ mi lọ ta kámẹ́rà rẹ̀. Yashica ni, ó ti fi awọ dúdú ṣe àpò fún un, ó máa ń fi aṣọ funfun nu ojú rẹ̀ lálaalẹ́ kó tó sùn. Ó tà á, ó san owó ilé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ẹlòmíràn ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò. Mo rí i nígbà tó ń gbé kámẹ́rà yẹn jáde. Owó mi wà lábẹ́ ìwé. N kò sọ̀rọ̀.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọ̀kadà gbá a. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́ síbi méjì. Ilé ìwòsàn tí a gbé e lọ ní kí a kọ́kọ́ san owó kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Mo sáré lọ sílé, mo kó gbogbo owó àjọ náà wá, mo san án.

Kò béèrè ohunkóhun. Ó di ọjọ́ kọkànlá, tí wọ́n ti di ẹsẹ̀ rẹ̀ tán, tí mo ń fi síbí bu ògì sí i lẹ́nu, kó tó ní, "Níbo lo ti rówó?" Mo sọ fún un. Ó dákẹ́. Ó ń wo fáànù òkè tí kò yí. Lẹ́yìn náà ó ní, "O fi owó pamọ́ fún mi."

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Yorùbá, ẹ tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Fi pamọ́ fún mi. Bí mo bá gbé owó fún yín pé kí ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀, màá ní ẹ fi pamọ́ fún mi. Bí ẹ bá mọ nǹkan kan tí ẹ ò jẹ́ kí n mọ̀, màá ní ẹ fi í pamọ́ fún mi. Ohùn kan náà ni, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ṣé ó ń dúpẹ́ ni? Àbí ó ń sunkún? Mo wo ojú rẹ̀, n kò lè sọ. N kò sì lè bi í, torí kámẹ́rà yẹn wà láàárín wa.

Ìgbà yẹn ni ojú mi là sí ohun kan nínú ìtàn ọdẹ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ láti ọjọ́ yìí. Mo ti ń bínú sí ọdẹ pé ó ti awọ obìnrin mọ́ àká. Kámẹ́rà yẹn ni awọ ọkọ mi. Ó bọ́ ọ, ó tà á, kí orí wa lè wà lábẹ́ òrùlé. Èmi ká awọ tèmi sábẹ́ ìwé, mo sì ń wò ó. Àwọn àgbà ní àjọjẹ kò dùn bí ẹnì kan kò bá ní. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi kún un pé kò dùn náà bí ẹnì kan bá ní tó fi ṣe àṣírí.

Ìyá mi tọ̀nà pé kí n ní owó tèmi. Àṣírí ni n kò gbà mọ́. Bàbá mi mọ̀ pé àpótí wà. Ó mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ ń gbé. Ó kàn ń fọwọ́ sọ́wọ́ ni. Èmi sọ àpótí di ohun tí ọkọ mi kò mọ̀ pé ó wà nínú ilé. Mo mọ̀ pé àwọn obìnrin kan wà tí wọn kò lè jẹ́ kí ọkọ mọ̀, torí bó bá mọ̀, á gbà á, á sì lù wọ́n. Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ yín rí bẹ́ẹ̀, n kò bá yín wí. Ẹ fi í pamọ́ dáadáa. Èmi kò fẹ́ irú ọkọ bẹ́ẹ̀. Ẹni jẹ́ẹ́jẹ́ ni mo fẹ́, mo sì ń fi ìbẹ̀rù ọkọ ẹlòmíràn bá a gbé.

Ẹ̀yin ọkùnrin náà

Kí ẹ̀yin ọ̀dọ́kùnrin má rò pé ọ̀rọ̀ obìnrin nìkan là ń sọ. Ọmọkùnrin kan tí mo kọ́ ní iléèwé ń ṣiṣẹ́ ní báńkì níbí, ó ní ọ́fíìsì, ó ní dírẹ́bà. Ìyàwó rẹ̀ jẹ́ nọ́ọ̀sì. Ní 2022, ìyàwó rí iṣẹ́ ní ìlú òyìnbó, gbogbo wọn kó lọ sí Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé ìgbélùú ìyàwó ni wọ́n fi gba ìwé ọkọ. Bí iṣẹ́ ìyàwó bá bàjẹ́, ìwé ọkọ bàjẹ́ nìyẹn. Ó pè mí lóru ọjọ́ kan. Ó ní, "Mà, tí mo bá fẹ́ gẹ irun orí mi, mo máa béèrè owó. Mà, ẹ rántí ìtàn yẹn? Èmi ni awọ mi wà láká báyìí."

Ohun tó dùn mí jù ni pé ìyàwó náà kò burú. Mo bá a sọ̀rọ̀. Wákàtí 12 ló fi ń dúró lórí ẹsẹ̀ lóru. Ó ní, "Mà, gbogbo ẹrù ló wà lórí mi. Ṣé kí n tún máa tọrọ gáfárà pé mò ń ṣiṣẹ́?" Àwọn méjèèjì ló ń sunkún, olúkúlùkù sì rò pé òun nìkan ni. Ohun tí wọ́n ṣe nígbẹ̀yìn kéré: wọ́n ya iye kan sọ́tọ̀ tó ń bọ́ sọ́wọ́ ọkọ lóṣooṣù tí kò ní jíhìn rẹ̀, títí ó fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa bọ́ọ̀sì níbẹ̀, tí ó sì rí iṣẹ́. Ó ní ọjọ́ tí owó oṣù àkọ́kọ́ wọlé, òun lọ gẹ irun, òun ra ẹja yíyan fún ìyàwó òun.

Àwọn mìíràn kò tiẹ̀ ní àǹfààní àtijà lábẹ́ òrùlé kan. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní kí àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ ṣiṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó nígbà náà má mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání mọ́. Ẹnì kan lọ, ẹnì kan dúró síbí, orí fóònù ni ìfẹ́ ń gbé. Mo mọ irú wọn méjì ní àdúgbò tèmi nìkan.

Àká òde òní pọ̀. Páálí ìwé-ẹ̀rí tí ọkọ tì mọ́ báàgì. Pásípọ́ọ̀tù tí ìyàwó gbé pamọ́ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nọ́ńbà káàdì báńkì tí ẹni tó ń fẹ́ ọ ní kí o sọ fún òun, pé bí o kò bá sọ ọ́, o kò fẹ́ràn òun. Ọmọ mi, ẹni tó ń fi ìfẹ́ béèrè kọ́kọ́rọ́, wo ọwọ́ rẹ̀ dáadáa.

Àwọn kan sì tún wà lódìkejì. Àwọn wọ̀nyí ń fi awọ sùn. Báàgì wọn wà ní dídì lẹ́yìn ilẹ̀kùn láti ọjọ́ ìgbéyàwó. Wọ́n ń kọ́lé ní ìkọ̀kọ̀, ọkọ ń kọ́ tirẹ̀, ìyàwó ń kọ́ tirẹ̀, wọ́n ń ra sìmẹ́ǹtì lọ́wọ́ oníṣòwò kan náà láìmọ̀. Wọ́n á ní àwọn ń dáàbò bo ara àwọn. Mo gbà. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ gbé ọwọ́ lé àyà, kí ẹ bi ara yín: ṣé ẹnikẹ́ni ti fọwọ́ kan ara yín rí, ara yín gan-an, láìsí awọ ẹfọ̀n láàárín? Ó ń dun èèyàn láti bọ́ ọ. Mo mọ̀. Kò sí bí ẹ ṣe máa fẹ́ni tí kò ní dùn yín níbì kan. Àwọn tó ṣèlérí fún yín pé ẹ lè ní gbogbo òmìnira yín ní pípé kí ẹ sì tún ní ìfẹ́ ní pípé, wọn ò tíì gbé ilé pẹ́.

Ọmọ tó bi mí ní ìbéèrè

Mo rí i níjókòó níbẹ̀ yẹn, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Ọmọ mi, o ní ẹ̀rù ń bà ọ́ pé o kò ní rí ara rẹ mọ́. Mú ọmọkùnrin náà lọ sídìí ọ̀gán kí ẹ tó dé ìdí alága. Ohun tó jẹ́ awọ rẹ, iṣẹ́ rẹ ni o, òwò rẹ ni o, àwọn ẹbí tí o kò lè fi sílẹ̀, ìwé tí o ṣì fẹ́ kà, fi hàn án ní ojú ọ̀sán. Sọ fún un pé, "Èyí ni n kò lè fi sílẹ̀." Kí o sì dákẹ́, kí o jẹ́ kí òun náà fi tirẹ̀ hàn ọ́, torí ó ní in. Wo ohun tó máa ṣe. Bó bá béèrè pé báwo ni ẹ ṣe máa tọ́jú rẹ̀ kó má bàa gbẹ, bá a lọ. Bó bá ń wá ibi tí àká wà, má bá a lọ, bí ó ti wù kí o fẹ́ràn rẹ̀ tó.

Ní ti èmi, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọkọ mi lórí ibùsùn ilé ìwòsàn yẹn. Kò dáhùn lọ́jọ́ yẹn. Ó pẹ́ kó tó dáhùn. Ní oṣù Kejìlá, mo gba àjọ, a lọ sí Dùgbẹ̀ pa pọ̀, òun pẹ̀lú ọ̀pá ìtìlẹ̀, a ra kámẹ́rà àlòkù kan. Láti ìgbà yẹn, dúrọ́ọ̀ kan wà nínú yàrá wa. Káàdì àjọ mi wà níbẹ̀, tirẹ̀ wà níbẹ̀. N kì í ka ojú tirẹ̀, kì í ka ojú tèmi. Dúrọ́ọ̀ náà kò ní kọ́kọ́rọ́.

Láàárọ̀ yìí tí mo ń múra, ó bi mí pé kí ni mo máa bá àwọn ọmọ sọ. Mo ní mo fẹ́ sọ ti kámẹ́rà náà, ṣé kò ní bínú? Ó ní kí n sọ ọ́. Ó ní òun náà ti fẹ́ bi mí láti ọdún pípẹ́ ohun tí mo rò pé òun ń sọ lọ́jọ́ yẹn, nígbà tí òun ní mo fi owó pamọ́ fún òun. Mo ní, "Èwo lẹ ní lọ́kàn?" Ó gbé àpò kámẹ́rà rẹ̀ kọ́ èjìká, ó ní kí a máa lọ, àkókò ń lọ.

Òun ni bàbá tó ń ya yín ní fọ́tò lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn láti ìgbà tí ẹ ti jókòó. Ẹ lè yíjú wò ó.

Ẹ ṣeun. Mo rí ọwọ́ méjì lókè. Ẹ bá mi gbé gbohùngbohùn fún arábìnrin tó wọ ìborùn búlúù yẹn kó kọ́kọ́ béèrè.